Maikiromítà Ọ̀gá Ráímì

Bí ẹ bá rí mi lónìí níwájú ilé mi ní Ìkirè, tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo ń bó ẹ̀pà jẹ, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni mo fi ọjọ́ ayé mi tò. Èmi Sìdíkátù, tí àwọn awakọ̀ láti Ìkirè títí dé Gbọ̀ngán ń pè ní Sìdí Ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ọmọ mi kan parí ilé ìwé láìpẹ́ yìí, ó wá bá mi, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé kí n wá kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni àbí kí n lọ tún ìdánwò ṣe?" Mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ní kó bá mi kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn yín. Mi ò fẹ́ tan yín wọ inú iṣẹ́ o, mi ò sì fẹ́ lé yín kúrò níbẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nídìí iṣẹ́ yìí nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ẹnu sì ń yà mí síbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn rárá. Ìyá mi ń ta dòdò lẹ́bàá títì, ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ráímì sì wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pàtẹ sí. Èmi ni mo máa ń gbé dòdò lọ fún àwọn mẹkáníìkì, mo sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí ó máa ń jọ mí lójú bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì ká sílẹ̀ bí ẹran ọdún tí wọ́n tún ń tò ó padà kó máa ké. Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ kọ́ ọ, ìyá mi pariwo. "Obìnrin wo ló ń ra wọ abẹ́ mọ́tò? Ta ló máa fẹ́ ọ pẹ̀lú ọwọ́ gírísì?" Ọ̀gá Ráímì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá Sìdí, ẹ jẹ́ kó wá. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á padà sídìí dòdò." Kò rẹ̀ mí, mo sì rí ọkọ fẹ́. Nígbà tí mo ń sọ yìí, àárín ọdún 1980 sí 1990 ni, ìgbà tí ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá bàjẹ́ máa ń tún un ṣe ni, kì í jù ú nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé ọ̀gá yín le, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ọ̀gá Ráímì ga, wọ́n gbẹ, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá mú sípánà tó ṣí lẹ́nu níbi tó yẹ kí o ti mú olórùka, wọn ò ní bá ọ wí. Wọ́n á kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á jù ú sínú kòtò ọ́ìlì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kí o lọ wá a wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa fi ọwọ́ rẹ wá irin nínú kòtò yẹn kí o tó mọ ìyàtọ̀ sípánà sí sípánà. Wọn ò gbà kí òòlù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti ṣí sílẹ̀. Wọ́n máa ń ní ká di ojú wa, ká fi ọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, ká sọ iye tó jẹ́. Ẹni tó bá ṣì í máa fi ọ́mò fọ aṣọ iṣẹ́ gbogbo wa. Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó.

Àpótí méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Onígi kan wà tí gbogbo wa ń lò. Kékeré onírin kan sì wà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà lọ́rùn Ọ̀gá Ráímì, lábẹ́ aṣọ. Nínú rẹ̀ ni sípánà ńlá kan wà tó máa ń ké "tà" tí nọ́ọ̀tì bá ti fún dé ibi tó yẹ. Àwọn abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi wọn àlàfo náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba inú àpótí náà ni maikiromítà, tí wọ́n fi aṣọ funfun wé bí ọmọ tuntun. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, irin kékeré tó tẹ̀ bí ìdajì òrùka ni, ó ní ẹnu méjì tó dojú kọra. O máa fi ohun tí o fẹ́ wọ̀n sáàárín ẹnu méjèèjì, o máa yí ìdí rẹ̀ títí ẹnu náà á fi kan nǹkan ọ̀hún, àmì ara rẹ̀ á wá sọ bó ṣe nípọn tó, títí dé ìwọ̀n tí ojú lásán ò lè rí.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀gá máa ń tú u jáde, wọ́n á nù ún, wọ́n á gbé e sókè fún wa. "Èyí lojú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ, kó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ sílé." Ọmọṣẹ́ kan wo ìwòkuwò sí i lọ́jọ́ kan, ó na ìka. Fáàńbẹ́ẹ̀tì ni ọ̀gá fi lé e gba ẹ̀yìn ọjà, a ò tún rí i mọ́. Láti ìgbà náà, tí àpótí yẹn bá ti ṣí, gbogbo wa máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Àmọ́ tí ọ̀gá fúnra wọn bá ń ṣiṣẹ́, bébà dídán inú páálí sìgá ni wọ́n ń lò. Wọ́n á gé e gbọọrọ, wọ́n á fi sáàárín písítínì àti ihò tó ń wọ̀, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dijú. Tó bá fún jù, wọ́n á mọ̀. Tó bá rọ̀ jù, wọ́n á mọ̀. Mo bi wọ́n nígbà kan ìdí tí wọn ò fi lo maikiromítà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Iṣẹ́ ńlá là ń tọ́jú rẹ̀ dè." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni mo mọ̀?

Ìbàdàn ni mo ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ọ̀gá máa ń rán mi gbé búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá wa gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́lá. Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá kì í pa nǹkan mọ́. Bí mo ṣe ń dúró de iṣẹ́, ó máa ń fi maikiromítà tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́, á ní kí n wọn ìṣó, kí n wọn owó ẹyọ, kí n wọn yẹtí etí mi pàápàá. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n kà tán, inú mi dùn débi pé mo sáré láti ibi tí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò dé ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀gá, mo ti mọ maikiromítà kà o!"

Ọ̀gá Ráímì gbé sípánà ọwọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n wò mí, mo rò pé fáàńbẹ́ẹ̀tì ló kàn. Wọ́n wá fa kọ́kọ́rọ́ jáde lọ́rùn, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n gbé e fún mi. Níṣojú gbogbo ọmọṣẹ́ ni o! Wọ́n mú ìyá nọ́ọ̀tì kan, wọ́n ní, "Wọ̀n ọ́n." Mo wọ̀n ọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, "Kí ló wí?" Mo sọ ohun tó wí. Wọ́n mi orí. Látọjọ́ náà, èmi nìkan ni wọ́n ń ṣí àpótí fún, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti wọn nǹkan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní, "Kí ló wí?" Mo máa ń gbéra ga tí mo bá ń dáhùn, torí mo mọ̀ pé ìdánwò ni wọ́n ń fún mi.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí mi ò bá níbòmíràn. A ń pè é ní títẹ́ àpò. Kí ọmọṣẹ́ tó gba fíríìdọ́ọ̀mù, ọ̀gá á fún un ní ẹ́ńjìnnì kan kó dá a tò. Ọmọṣẹ́ á tẹ́ àpò ìrẹsì tó mọ́ sílẹ̀, á lọ sídìí àpótí méjèèjì, á fúnra rẹ̀ ṣa gbogbo irinṣẹ́ tó fẹ́ fi wọ̀n àtèyí tó fẹ́ fi tò sórí àpò náà. Ohun tí kò bá sí lórí àpò, kò gbọdọ̀ lò ó. Ohun tó bá sì ti wà lórí àpò, títí kan ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tuntun tí wọ́n rà, kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí ẹ́ńjìnnì á fi dún. Ọ̀gá á jókòó ti àpò, á máa wò, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀gá tó bá sọ̀rọ̀ lórí àpò ti bá ọmọṣẹ́ rẹ̀ ṣe é, fíríìdọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ kò dúró.

Nígbà tó kàn mí, kò sẹ́ni tó fẹ́ fún mi ní ẹ́ńjìnnì. Àwọn awakọ̀ á ní, "Sìdí, a fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n mọ́tò là ń bá jẹun." Bàbá Àlàbá nìkan ló gbà. Awakọ̀ àgbàlagbà ni, wọ́n ní Dátísọ̀n kan tí wọ́n fi ń kó àwọn ìyá tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìkòyí àti Àpòmù wá sí Ìkirè. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi. Bàbá Àlàbá ní, "Ráímì, mọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní rèé, òun ni oko mi. Tí ọmọ yìí bá tún un ṣe, á lọ́lá lọ́dọ̀ mi. Tó bá bà á jẹ́, mo ti di àgbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí." Ìyá mi gbọ́ ọ láti ìdí dòdò. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo tẹ́ àpò mi. Mo ṣa sípánà olórùka, mo ṣa èyí tó ń ké, mo ṣa abẹ irin, mo ṣa ohun tí a fi ń há ríńgì mọ́ ara písítínì kó tó wọlé. Ó wá ku ohun tí mo máa fi wọn písítínì. Bébà sìgá ọ̀gá wà lórí tábìlì. Maikiromítà wà nínú àpótí. Àwọn ọmọṣẹ́ tó ti tẹ́ àpò ṣáájú mi, bébà sìgá ni gbogbo wọn mú. Mo na ọwọ́, mo mú maikiromítà. Mo ti ń fojú inú wo bí inú ọ̀gá ṣe máa dùn, pé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dè ti dé.

Inú wọn ò dùn. Ojú wọn yí padà. Wọ́n la ẹnu, àfi bíi pé ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n, wọ́n tún pa á dé. Òógùn bo iwájú orí wọn. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Mo wọn àwọn písítínì tuntun náà, mo wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, iye kan náà ló ń wí. Ọ̀gá ò béèrè "Kí ló wí?" lọ́jọ́ náà, torí àpò ni. Mo gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí Ìbàdàn. Mi ò lè gbé písítínì dání nítorí àṣà, nítorí náà ìwọ̀n tí mo kà nìkan ni mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní, "Maikiromítà ọ̀gá mi ni mo fi wọ̀n ọ́n!" Ó gbẹ́ inú búlọ́ọ̀kù náà sí ìwọ̀n tí mo sọ. Mo padà, mo tò ó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́ débi pé ẹ lè jẹ ẹ̀bà lórí rẹ̀. Ó le díẹ̀ láti fi ọwọ́ yí, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń le. Nígbà tí Bàbá Àlàbá yí kọ́kọ́rọ́, ó dún wẹ́rẹ́. Ìyá mi sá kúrò nídìí iná, wọ́n jó wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ṣíbí tí wọ́n fi ń dín dòdò lọ́wọ́.

Ọjọ́ ọjà Àpòmù ni Bàbá Àlàbá kọ́kọ́ fi kó èrò. Èmi náà wà nínú ọkọ̀, wọ́n ní kí n wá gbọ́ ohùn iṣẹ́ mi. Àwọn ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ fẹ́ awakọ̀. A ò tíì débi kan tí mo fi gbọ́ ohùn kan, kíí, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọ̀bẹ họ ìkòkò. Bàbá Àlàbá wò mí. Mo wò wọ́n. Ọkọ̀ gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì sì kú pátápátá láàárín títì. Àwọn ìyá náà ké, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ya dà sílẹ̀, lọ́rí kan fọn fèrè kọjá wa tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mi ọkọ̀ wa jìgìjìgì. Ọlọ́run ló yọ wá.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbìyànjú láti yí ẹ́ńjìnnì náà. Kò yí. Ó ti gbá mú. Mo dúró síbẹ̀ tí mo di sípánà mú. Bàbá Àlàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n bọ́ fìlà. Wọn ò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ìbá sàn.

Wọ́n fa ọkọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a tú u, gbogbo písítínì ló ti ha ara ògiri búlọ́ọ̀kù, méjì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo irin ló ń wú nígbà tó bá gbóná, a máa ń fi àlàfo sílẹ̀ fún wíwú náà ni. Nínú ẹ́ńjìnnì tèmi, kò sí àlàfo kankan tó yẹ kó wà. Báwo? Mo wọ̀n ọ́n! Mo tún wọ̀n ọ́n! Mo wo ojú ọ̀gá, wọ́n gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, wọ́n ní ká wá sí ìpàdé ní Àpòmù. A ti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ: wọ́n máa ní kò sí fíríìdọ́ọ̀mù fún mi, kí n padà sídìí dòdò, kí ṣọ́ọ̀bù kankan má sì gbà mí. Bàbá Àlàbá ti yá ọkọ́ lọ́wọ́ ará ilé wọn, wọ́n ti ń lọ sóko.

Kí ìpàdé náà tó wáyé, ìyá mi fi dòdò rán mi sí Làmídì, fọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì. Ó ń lẹ ihò kan lára tíúbù táyà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà, wọ́n máa ń fi irin kan há rọ́bà ìlẹ̀ mọ́ tíúbù, wọ́n á gbé orí písítínì àlòkù lé e, wọ́n á da kẹrosíìnì sínú rẹ̀, wọ́n á ṣáná sí i kí ooru mú un lẹ̀. Mo gbé dòdò kalẹ̀. Mo wo irin tí ó fi há a. Iná ń jó lórí rẹ̀, ó tẹ̀ bí ìdajì òrùka, ó ní àmì wínníwínní lára.

Mo di òpó àtíbàbà rẹ̀ mú.

"Bọ̀ọ̀dá Làmídì, kí lẹ fi há tíúbù yẹn?"

"Kílámù ni. Kílámù kékeré ọ̀gá yín."

"Ta ló fún yín?"

"Ọ̀gá yín náà ni, ta ni ìbá tún jẹ́? Àtìgbà tí tèmi ti ṣẹ́ ni mo ti ń yá a. Wọ́n á ní, 'Làmídì, tètè dá a padà, má jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i.'" Ó ju dòdò kan sẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó mà dáa o, Sìdí! Kékeré báyìí ni, àmọ́ tí mo bá fún un pa, ó máa ń mú nǹkan gírígírí."

Mo ní kó pa iná. Mo ní kó tú u fún mi. Nígbà tó tutù, mo nù ún, mo pa ẹnu rẹ̀ dé láìfi nǹkan kan sáàárín, bí mo ṣe rí i tí Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá máa ń ṣe nígbà mìíràn tí n kò bi í ní ìdí. Ó yẹ kó dúró lórí òdo. Ó kọjá òdo! Ibi tí irin náà ti tẹ̀ ti yà síta díẹ̀ nítorí fífún pa tí Làmídì ń fún un lójoojúmọ́, láìrí i lójú. Gbogbo ohun tí mo fi wọ̀n ló ń sọ pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ó sọ fún mi pé písítínì kéré, mo sọ fún Ìbàdàn pé písítínì kéré, wọ́n sì gbẹ́ ihò kékeré fún písítínì ńlá.

Ẹnu yà mí, mo bínú, mo sì fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dá mi jókòó sórí táyà Làmídì bí ẹni tí wọ́n gbá lórí. "Kí ló wí?" ló padà sí mi létí. "Kí ló wí? Kí ló wí?" Háà! Ọ̀gá mi ò dán mi wò rí. Wọ́n ń béèrè ni! Ẹni tó ń lé wa pẹ̀lú fáàńbẹ́ẹ̀tì nítorí irin yìí, ẹni tó ń fi aṣọ funfun wé e, kò mọ̀ ọ́n kà. Kò mọ̀ ọ́n kà rí. Lójú wọn, irin líle kan ni, ó ṣeé fi há tíúbù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó ti àpò lọ́jọ́ náà, wọ́n rí i tí mo mú un, wọ́n mọ ibi tó máa ń lọ, wọ́n sì pa ẹnu dé.

Mo gbé e lọ bá wọn nílé. Wọ́n wà lórí ẹní, wọ́n ń ṣe tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀, mo fi maikiromítà náà sí iwájú wọn, mo ní, "Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Làmídì ni mo ti rí i." Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ wọn. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí báwo ni ọmọṣẹ́ á ṣe la ẹnu sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ẹ ò mọ̀wé irin? Tí mo bá sì sọ ọ́ ní ìpàdé, ta ló máa gba obìnrin kan gbọ́ lórí ọ̀gá àgbà bíi Ráímì? Mo dìde, mo lọ. Wọn ò pè mí padà.

Ní ìpàdé Àpòmù, abẹ́ ọdán ni wọ́n to àga sí. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì jókòó yíká, Bàbá Àlàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá mi dúró lẹ́yìn mi. Alága ti ń sọ pé iṣẹ́ yìí gba agbára ọkùnrin, pé àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, nígbà tí Ọ̀gá Ráímì dìde. Wọ́n fa aṣọ funfun yọ lápò, wọ́n tú u.

"Alága, ẹ má dá ọmọ yìí lẹ́jọ́. Ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ti jogún irin yìí. Wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á, ojú sì tì mí láti béèrè. Nígbà tí mo di ọ̀gá, ojú wá tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ, mo sì ń yá Làmídì fọkanáísà kó máa fi lẹ táyà. Ọmọ yìí wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Irin tí mo fún un ló parọ́."

Ọ̀gá kan tó ti darúgbó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ráímì, ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ lójú àwùjọ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú yín náà ní ọ̀kan nínú àpótí, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n kà. Sìdí, wá síbí. Kọ́ wa. Èmi ni kí o kọ́kọ́ kọ́."

Mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá mi. Mo pa á dé fún wọn, mo fi òdo hàn wọ́n, mo fi hàn wọ́n bó ṣe kọjá rẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń sunkún lẹ́yìn. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, àwọn ọ̀gá yòókù ti dìde lórí àga, wọ́n ti yí wa ká, wọ́n ń na ọrùn.

Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá fẹ búlọ́ọ̀kù Bàbá Àlàbá sí i, ọ̀gá ra písítínì mìíràn, mo tún àpò tẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, písítínì bá mi dé Ìbàdàn, torí Ọ̀gá Ráímì pa apá àṣà yẹn rẹ́ lójú gbogbo wa. Dátísọ̀n náà kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí ara rẹ̀ fi jẹrà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bàbá Àlàbá dá ọkọ́ padà fún ọlọ́kọ́. Mo gba fíríìdọ́ọ̀mù mi, wọ́n sì gbàdúrà fún mi ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi.

Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní ọ̀nà Àpòmù, ohun tí mo kọ́kọ́ rà kì í ṣe sípánà. Kílámù ńlá kan ni, mo gbé e fún fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Kí ni mo ṣe fún yín?" Mo ní kó ṣáà gbà á.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e yí nǹkan padà. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ènìyàn á lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀, á gbé odindi ẹ́ńjìnnì dé ní ọ̀sán, kò sẹ́ni tó ń dúró de gbígbẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn wa kò wọn písítínì rí. Mi ò bú wọn. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó gba irinṣẹ́ kan gbọ́, ẹ kọ́kọ́ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ wo òdo rẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá sì mọ̀, ẹ béèrè ní kíákíá, kó tó di pé ẹ ní ọmọṣẹ́ tó ń bẹ̀rù yín.

Nígbà tí Ọ̀gá Ráímì darúgbó tí wọ́n ti pa ṣọ́ọ̀bù wọn tì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá jókòó sí. Tí iṣẹ́ bá dé, èmi náà á fi ṣe ẹ̀fẹ̀, màá gbé maikiromítà fún wọn, màá ní, "Ọ̀gá, kí ló wí?" Wọ́n á kọ́kọ́ pa á dé, wọ́n á wo òdo, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sọ ọ́ fún mi tìyangàtìyangà. Wọn kì í ṣì í.

Lọ́jọ́ kan, àlejò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọṣẹ́ mi dúró yíká. Mo gbé e fún wọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n pa á dé. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n mú un jìnnà. Gbogbo ènìyàn ń wò wọ́n. Mo ń wá ohun tí mo máa fi bo àṣírí wọn.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló wí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na irin náà sí mi níṣojú gbogbo wọn. "Mi ò rí i mọ́, Sìdí. Wá bá mi kà á."

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo sì kà á sókè kí wọ́n lè gbọ́.